Iná Ń Jó, Iná Ń Jò: Wàhálà Ẹ̀rọ Amómigbóná Ilé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ó máa ń fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ àròkọ lórí orúkọ ènìyàn. Orúkọ ènìyàn kọ́ ni mo fẹ́ fi òwe náà sọ ní tèmi. Ẹ̀rọ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀rọ tí ó wọ ilé wa láìní orúkọ, tí a kò sì fún ní orúkọ nígbà tí ó wọlé tán. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ṣí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, yóò máa wá àròkọ lórí ìjálá, lórí rárà tàbí lórí ẹkún ìyàwó, ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná ni yóò sì bá pàdé. Kí onítọ̀hún jọ̀wọ́ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ẹ̀rọ amómigbóná ṣe nílé ni ó mọ ìyà tí ó wà níbẹ̀. Omi a dà sí ẹni lára, ìdè a bọ́ sọnù, a ó wá irin kan lọ sí ọjà, òmíràn ni a ó mú bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ti ilé wa ni pé ìdajì ìyà náà kì í ṣe ti ọwọ́. Ti ẹnu ni. A kò rí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan nínú ilé lè fi sọ fún ẹnì kejì ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Àìrí ọ̀rọ̀ sọ yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí kan lọ́wọ́ wa.

Ìlú Ìlerò ni ilé wa wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, ní Òkè-Ògùn. Ẹni tí kò bá tíì gbé agbègbè wa láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì lè máa rò pé kò sí òtútù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ̀fúùfù gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà a máa fẹ́, ojú ọ̀run a kún fún eruku, ètè a là, àtẹ́lẹsẹ̀ a sán. Ọ̀sán a máa gbóná, ṣùgbọ́n òru àti òwúrọ̀ a máa tutù nini. Òrí ni a fi ń pa ara, omi gbígbóná ni a sì fi ń wẹ̀. Abiyamọ tuntun kò gbọdọ̀ ṣàìfi omi gbígbóná wẹ̀. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ti ìkókó. Arúgbó tí làkúrègbé ń bá jà, omi gbígbóná ni oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ wo bí èdè wa ti mọ omi gbígbóná tó. Omi lè tutù nini. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó lè gbóná. Ó lè gbóná janjan. Ó sì lè hó. Ọmọdé tí a bá rán ní iṣẹ́ mọ èyí tí a ní kí òun gbé wá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ààrò. A mọ ààrò mẹ́ta, a mọ igi ìdáná, a mọ ẹ̀yinná, ògúnná, eérú, èédú àti èéfín. Bí iná kò bá jó dáadáa, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè sọ pé igi tutù, tàbí pé eérú ti pọ̀ jù, tàbí pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Nítorí náà, gbogbo ilé ni ó lè tún ààrò ara rẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tí ń ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn pé kí ọ̀gá kan wá, iná ààrò òun kò ràn.

Àbúrò bàbá mi tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn ni wọ́n ra ẹ̀rọ náà wá ní 2022. Àlòkù ni, irú èyí tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Ìyá àgbà ni wọ́n rà á fún, nítorí pé èéfín ti ń ba ojú Ìyá àgbà jẹ́, wọn kò sì lè bẹ̀rẹ̀ fẹ́ iná mọ́. Ìfẹ́ ni ó bí i, gbogbo wa ni a sì dúpẹ́. Àgbá funfun kan ni, ó ń gba 50 lítà omi. A gbé e kọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀, a sì fa páìpù sí i láti inú táńkì dúdú tí ó wà lókè. Omi kànga ẹ̀rọ ni ó ń wọ inú táńkì náà. Ìwé pélébé kan wà lára ẹ̀rọ yìí, èdè Ítálì ni a fi kọ ọ́. Ẹni tí ó gbé e kọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó gba owó rẹ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìtọ́jú rẹ̀ ti di ti ilé, pàápàá ti Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni tí wọ́n mọ̀ ọ́n tún nǹkan ṣe jù nínú wa.

Ó yẹ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí pé ẹni tí kò mọ ilé kò lè mọ ibi tí ó ti ń jò. Omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ àgbá wọlé. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà òkè ni ó ń lọ, láti òkè náà ni ó sì ti ń jáde. Nínú àgbá yìí ni irin kan wà tí a tẹ̀ kọdọrọ. Wáyà tín-ín-rín wà nínú irin náà, òun ni iná mọ̀nàmọ́ná ń gbà kọjá tí ó fi ń gbóná. Ìyẹ̀fun funfun kan sì wà láàárín wáyà àti irin òde, kí iná má baà kan omi. Ohun kejì ni èyí tí ń wọn ooru omi, tí ń pa iná bí omi bá ti gbóná tó bí a ti fẹ́. Ohun kẹta ni ọ̀pá magnesium kan tí ó wà nínú omi. Ohun kẹrin ni ihò kékeré tí ń tú omi dànù bí agbára inú àgbá bá pọ̀ jù. Bí a bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a mọ ẹ̀rọ náà.

Kì í ṣe láti ọ̀run ni wọ́n ti bá orúkọ wọn wá lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó pẹ̀lú. Ní 1868, Benjamin Waddy Maughan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ń fi gáàsì mú omi ìwẹ̀ gbóná. Orúkọ ìsun omi gbígbóná kan ní Iceland ni ó mú fún un, òun ni àwọn ènìyàn ń pè ní gíísà títí di òní. Ká ní ọmọ Yorùbá ni, bóyá Ìkógòsì ni ìbá sọ ọ́, nítorí omi tí ń sun ní gbígbóná ní Èkìtì. Ní 1889, Edwin Ruud ṣe èyí tí ó ní àgbá, tí ń ṣọ́ ara rẹ̀, ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ní 1906 ni Albert Marsh gba ìwé àṣẹ lórí àdàpọ̀ nickel àti chromium, irin tí iná mọ̀nàmọ́ná lè mú pọ́n títí láìyọ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amómigbóná. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n ń sọ ọ́ ní orúkọ, bí wọ́n sì ti ń sọ ọ́ ní orúkọ ni wọ́n ń lè kọ́ ẹlòmíràn bí a ti í tún un ṣe.

Ní 2023, ẹ̀rọ ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí a bá tan án, a ó máa gbọ́ gbùdùgbùdù nínú rẹ̀ bí ìgbà tí àmàlà ń hó, omi kò sì ní gbóná bọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi tú u, wọ́n rí i pé irin inú rẹ̀ ti kú. Èmi àti àwọn ni a jọ lọ sí Ìsẹ́yìn láti ra òmíràn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ irin tí ń mú omi gbóná. Ẹni tí ń tajà gbé èyí tí a ń tì bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì jáde. Wọ́n ní kì í ṣe ìyẹn, ti inú ẹ̀rọ ni. Ó gbé ti kẹ́tù oníná jáde. Ẹnì kan tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ wa ní hítà ni a ń wá. Ẹlòmíràn ní rárá, bóílà ni. Ẹnì kẹta ní gíísà ni. Orúkọ mẹ́ta fún ohun kan, orúkọ kan fún ohun mẹ́ta! Èyí tí a rà kò wọ ojú ihò. A pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, òmíràn tún gùn jù. Nígbà kẹta ni Bọ̀ọ̀dá mi ká irin òkú náà sínú àpò, tí wọ́n gbé e sí iwájú oníṣòwò láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, tí a fi rí èyí tí ó bá a mu. Mo ronú sí i nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀: ọjà tí ó jẹ́ pé odi ni ènìyàn gbọ́dọ̀ yà kí ó tó lè rí ọjà rà!

Irin tuntun wọlé tán, síbẹ̀ omi ń pẹ́ kí ó tó gbóná. Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ tún tú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀bi irin kọ́ ni èyí. Láti 1841 ni James Joule ti fi hàn pé bí agbára iná tí ń gba inú wáyà kọjá bá dín kù sí ìdajì, ooru tí yóò mú wá kì í ṣe ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ wa ń lo 1500 wáàtì bí iná bá pé 240 fóltì. Láti mú 50 lítà omi kúrò ní ìwọ̀n 25 dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò gba nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20. Bí iná bá wá sílẹ̀ sí 120 fóltì, tí gílóòbù ń pọ́n bí ẹyin ojú ọ̀mùtí, iṣẹ́ kan náà yóò gba ju wákàtí 5 lọ. Iná a sì ti lọ kí ó tó pé. Kò sí ìdè tí a lè dè tàbí tí a lè tú tí yóò wo irú àìsàn yìí sàn. Ìbínú tí à ń bí sí ẹ̀rọ kì í ṣe ti ẹ̀rọ nígbà mìíràn.

Àìsàn kejì ni èyí tí ó ń mú un kùn. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá mi fa irin àkọ́kọ́ yọ, nǹkan funfun líle ti bò ó bí ìgbà tí a fi amọ̀ rẹ́ ògiri. Wọ́n rò pé ìpata ni. Ìyá àgbà ni wọ́n wò ó, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èépá ni. Ìkòkò omi gbígbóná mi ní irú rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Omi inú ilẹ̀ a máa yọ́ èròjà díẹ̀díẹ̀ láti inú àpáta. Bí a bá se irú omi bẹ́ẹ̀, ohun kan tí ó jọ ẹfun, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní calcium carbonate, a jáde nínú rẹ̀, a sì lẹ̀ mọ́ ibi tí ó gbóná jù. Omi yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa, èyí tí gbogbo obìnrin tí ń fọ aṣọ ní àdúgbò wa mọ̀. Omi òjò kò ní èépá nínú. Bí èépá bá ti bo irin, ooru kò ráyè bọ́ sínú omi mọ́. Irin a máa gbóná lórí ara rẹ̀ títí yóò fi là. Èyí ni ó pa irin àkọ́kọ́. Kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó ń yọ́ èépá: bí a bá da omi rẹ̀ lé e, a ó rí i tí ó ń hó, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Ìyá àgbà mọ ohun tí ń pa ẹ̀rọ náà, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ oògùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ní gbogbo ọdún tí ó ti ń kùn, nítorí pé gbogbo wa gbà pé ohun Òyìnbó ni ẹ̀rọ, Ìyá àgbà kò sì gbọ́ èdè Òyìnbó. Irin tuntun wọlé, omi kànga náà ni ó tún ń sè, èépá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni mo lọ sílé fún ìsinmi Kérésìmesì. Ìdí ààrò ni mo bá Ìyá àgbà, nínú èéfín tí a torí rẹ̀ ra ẹ̀rọ. Mo bi wọ́n pé kí ni ó dé. Wọ́n ní, "Àkànní, omi inú ẹ̀rọ yẹn ń ta mí." Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Bàbá mi ní bóyá omi ti gbóná jù ni, wọ́n dín in kù. Bọ̀ọ̀dá mi ní làkúrègbé ni. Àǹtí mi ní ẹsẹ̀ Ìyá àgbà ni ó sán, ọṣẹ ni ó ń ta wọ́n níbẹ̀. Kò sí èyí tí kò jọ òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù sì ń fi omi náà wẹ̀ láìsí ohun tí ó ṣe wọ́n.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ní kíláàsì ti bá mi ṣe iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe náà wò. Eegun a máa *ro* ni. Orí a máa *fọ́* ni. Inú a máa *run* ni. Omi gbígbóná a máa *jó* ni. Kí ni ó ń *ta* ènìyàn? Àkekèé, oyin, agbọ́n, ata. Gbogbo ohun tí ń ta ènìyàn, láti òde ni ó ti ń wá, ó sì ní ibi tí ó ti ń wọlé. Bí ó bá jẹ́ làkúrègbé ni, Ìyá àgbà ìbá ní ara ń ro àwọn. Bí ó bá jẹ́ ooru ni, wọn ìbá ní omi ń jó àwọn. Ẹni tí ó ti ń sọ Yorùbá fún ohun tí ó lé ní 80 ọdún kì í ṣi ọ̀rọ̀-ìṣe mú. Mo bi wọ́n pé ibo ni ó ti ń ta wọ́n. Wọ́n ní ní ọwọ́, bí àwọn bá ti di ẹnu ẹ̀rọ omi mú.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní "iná gbé mi" ni, gbogbo ilé ni ìbá sáré dìde, nítorí pé "iná gbé e" ni a mọ̀ fún ẹni tí iná mọ̀nàmọ́ná mú. Ṣùgbọ́n iná kò tíì gbé wọn. Ó ń tọ́ wọn wò ni. A kò ní ọ̀rọ̀ tí a jọ mọ̀ fún iná kékeré tí ń yọ́ wọ inú omi kí ó tó di ńlá. Mo lọ pa iná gbogbo ilé, a sì ránṣẹ́ pe oníná.

Ọ̀gá oníná dé, wọ́n tan iná padà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fi tẹ́sítà kan ẹnu ẹ̀rọ omi, tẹ́sítà sì tàn. Wọ́n pa iná, wọ́n tú ẹ̀rọ. Irin inú omi ti là lábẹ́ èépá. Èyí tí ó burú jù ni wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, èyí tí ó yẹ kí ó gbé iná tí ó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. A ti gé e kúrú, a sì fi téèpù wé e. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ kọ́ ti so wáyà méjì, omi sì gbóná, kẹta kò ní iṣẹ́ tí ó rí lójú rẹ̀. Àwọn yòókù nínú ilé ń wọ sílípáàsì oníke nílé ìwẹ̀; báàkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń pọn omi sí kí wọ́n tó wẹ̀. Ìyá àgbà nìkan ni ó ń fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí símẹ́ńtì tí ó tutù, tí wọ́n sì ń di irin mú. Ara wọn ni iná ń gbà lọ sínú ilẹ̀.

Ọ̀gá oníná sọ fún bàbá mi pé, "Éléméǹtì ti ṣọ́ọ̀tì, kò sì sí ááàtì." Bàbá mi mi orí. Ìyá àgbà ní kí ni wọ́n wí. Mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n sọ ọ́ kí Ìyá àgbà gbọ́. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Màmá, iná ń jò sínú omi." Ìyá àgbà ní, "Bí òrùlé ti ń jò?" Ọ̀gá ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá." Ìyá àgbà ní, "Ṣebí ohun tí mo ti ń wí fún wọn nìyẹn."

Ẹ̀yin olùkọ́ wa máa ń sọ fún wa pé àmì ohùn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Mo gbà á gbọ́ ní ọjọ́ náà. Bí iná bá ń *jó*, iṣẹ́ ń lọ. Bí iná bá ń *jò*, ikú ń bọ̀. Àmì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín méjèèjì.

Kí ọ̀gá tó fi ilé wa sílẹ̀, a jókòó, a sì sọ gbogbo ara ẹ̀rọ náà ní orúkọ. Bí amúlétutù ti jẹ́ orúkọ, amómigbóná ni odidi rẹ̀. Ẹ̀yinná inú omi ni Ìyá àgbà pe irin tí ń gbóná. Aṣọ́gbóná ni a pe èyí tí ń wọn ooru, bí a ti ń pe ẹni tí ń ṣọ́ igbó ní aṣọ́gbó. Ihò èémí ni ihò tí ń tú agbára omi sílẹ̀, ẹni tí ó bá dí i ń wá kí àgbá bẹ́. Okùn ilẹ̀ ni wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè. Ọ̀pá magnesium ni ó gbà wá ní àkókò jù. Ọ̀gá ṣe àlàyé pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí omi máa jẹ ẹ́ dípò àgbá. Bí ó bá tán, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbá. Ní 1824 ni Humphry Davy ti dá irú ọgbọ́n yìí láti dáàbò bo ìdí ọkọ̀ ojú omi. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹbọ ni a fi gba orí rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn." Irin ẹbọ ni ó ń jẹ́ nílé wa.

Láti ìgbà náà, ìtọ́jú ẹ̀rọ kò nira fún wa bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i láìpa iná ní ibi tí a ti ń pa ti gbogbo ilé, kí ó sì fi tẹ́sítà wò ó lẹ́yìn náà. Lọ́dọọdún ni a ń fa omi inú rẹ̀ dànù, tí a ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ bọ́ èépá, tí a sì ń wo bí irin ẹbọ ti kù sí. A kì í jẹ́ kí aṣọ́gbóná wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé kòkòrò àìsàn kan tí ó pa àwọn ènìyàn ní Philadelphia ní 1976 fẹ́ràn omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìwọ̀n 60 ni a gbé e sí, a sì ń fi omi tútù lú u kí a tó wẹ̀, nítorí pé omi ìwọ̀n 60 lè bó ènìyàn lára ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ okùn ilẹ̀, oníná ni a fi sílẹ̀ fún. Ọ̀gá sì ti so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọ̀nà iná, èyí tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí èyí tí ó jò bá ti tó ìdá 30 nínú 1000 áńpù kan. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé kan ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó wà ní èdè Ítálì.

Ẹlòmíràn lè ní eré ọmọdé ni kí a máa sọ irin ní orúkọ. Kì í ṣe eré. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, àwọn ọmọ náà sì gbọ́ ọ yé. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ olótùú Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ìdí nìyẹn tí àwa lónìí fi ń lè sọ̀rọ̀ nípa fóníìmù àti gbólóhùn láìyá ẹnu ẹlòmíràn lò. Àwọn àgbà wa ti ṣe ti gírámà. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná ni ó kù.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò pọ̀. Bí a bá ti gba ìsinmi, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo nílé rẹ̀: pọ́ńpù, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta. Kí ó pe oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ inú rẹ̀, kí ó pe àgbà tí ó mọ èdè, kí ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ẹ sì máa yọ máàkì lára ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i. Nítorí àwọn arúgbó wa ń sọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n fún wa lójoojúmọ́, ní èdè tí ó dán mọ́rán. Iṣẹ́ tiwa ni kí a gbọ́.